Ẹni Tó Gbọ́n àti Ẹni Tó Mọ̀

Bí ẹnì kan bá kó owó àjọ àwọn ará ọjà sá lọ, tí wọ́n wá a títí tí wọn ò rí i, kò ní pẹ́ tí ẹ óò fi gbọ́ tí ẹnì kan nínú àwọn tó ń sọ ọ́ ń mi orí pé, "Ọkùnrin yẹn gbọ́n o!" Mo ń gbọ́ ọ nínú mọ́tò, mo ń gbọ́ ọ lórí rédíò, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ iléèwé nípa ẹni tó jíwèé wò nínú ìdánwò tí wọn ò mú. Ó ń dùn mí. Olè ni ọkùnrin yẹn. Bó bá jẹ́ ọ̀nà tó gbé e gbà ló jọ wá lójú, Yorùbá ti fún wa ní ọgbọ́n ẹ̀wẹ́, ó fún wa ní àrékérekè, ó fún wa ní jìbìtì. Ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni àwọn apàlọ́ máa ń pe Ìjàpá Tìrókò, ọkọ Yánníbo. A tún ní ọgbọ́nkọ́gbọ́n, tí a ṣẹ̀dá rẹ̀ bí a ṣe ṣẹ̀dá ìwàkíwà àti ọ̀rọ̀kọ́rọ̀. Ẹ kíyè sí i pé kí ìwà tó di burúkú, a ní láti fi nǹkan kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọgbọ́n. Bí a bá ti fi gbọ́n lásán yin ọ̀bàyéjẹ́, ọ̀rọ̀ wo ló kù tí a óò fi yin ẹni rere?

Ẹ gbé gbọ́n àti mọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ wo ohun tó dojú kọ ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Gọ̀ ni òdìkejì gbọ́n. Ẹni tó gọ̀, òmùgọ̀ ni, èébú sì ni. Mọ̀ ò ní irú òdìkejì bẹ́ẹ̀. Àì la kàn ń fi síwájú rẹ̀ tó fi ń di àìmọ̀, kò sì sí èébú nínú ìyẹn. Bí àlejò bá lọ jókòó sórí àga olóyè láàfin, "Kò mọ̀ ni" la óò wí, a ó sì rọra fà á dìde. Bí ọmọ ilé bá ṣe ohun kan náà, kò sẹ́ni tó máa sọ pé kò mọ̀. Ó mọ̀. Gígọ̀ ló gọ̀. Ẹni tó mọ̀ lè gọ̀, ẹni tí kò mọ̀ náà lè gbọ́n, àwọn tó dá èdè yìí sílẹ̀ fún wa sì ti rí i bẹ́ẹ̀ tipẹ́.

Ọ̀rọ̀ ìṣe tó ń bá wọn rìn tún yàtọ̀ síra. Ìmọ̀, a máa ń ní i. Òye, tó jẹ́ ìkẹta wọn, kì í wá bẹ́ẹ̀: "Ó yé mi" là ń wí, ọ̀rọ̀ náà ló ṣiṣẹ́ lára mi, èmi kọ́ ni mo lọ mú un. Ọgbọ́n ńkọ́? A máa ń kọ́ ọ, a máa ń dá a, a máa ń ta á, a sì máa ń fi í ṣe nǹkan. Nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ni ìṣe pọ̀ lára rẹ̀ jù.

Ìmọ̀ pàápàá ní ààlà tí a máa ń gbójú fò. Barry Hallen àti Ọ̀jọ̀gbọ́n Olúbí Ṣódípọ̀, tí àwọn méjèèjì jọ kọ́ni ní yunifásítì Ifẹ̀, jókòó ti àwọn oníṣègùn kan nílẹ̀ Èkìtì, wọ́n bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń pè ní mọ̀ àti ohun tí wọ́n ń pè ní gbàgbọ́. Ìwé tí wọ́n kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1986. Èsì àwọn oníṣègùn náà ni pé ohun tí ojú ẹni rí, tí ọkàn ẹni sì jẹ́rìí sí, lèèyàn lè sọ pé òun mọ̀. Ohun tí a gbọ́ lẹ́nu ẹlòmíì, bí onítọ̀hún tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́, ìgbàgbọ́ ni: a gbọ́ ọ, a sì gbà á. Bí ẹ bá fi òṣùwọ̀n yìí wọn ohun tí a kà nínú ìwé, púpọ̀ nínú ohun tí à ń fọ́nnu pé a mọ̀ ni yóò bọ́ sápá ìgbàgbọ́. Èmi fara mọ́ àwọn oníṣègùn wọ̀nyí ju ìwé atúmọ̀ èdè lọ.

Ẹ jẹ́ ká gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sídìí ìkòkò aró. Ní Abẹ́òkúta àti Òṣogbo, tí wọ́n ti ń ṣe àdìrẹ tipẹ́, ewé ẹlú ni wọ́n ń gún, tí wọ́n ń ṣù, tí wọ́n ń sá gbẹ, kí wọ́n tó rẹ ẹ́ sínú omi eérú fún ọjọ́ bí i mélòó kan. Ọmọbìnrin tó wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá aláró yóò kọ́kọ́ máa pọnmi, yóò máa sẹ́ eérú. Kò ní pẹ́ tó fi máa mọ ìwọ̀n ẹlú tó ń lọ sínú ìkòkò kan. Ojú rẹ̀ ló fi rí i, ọwọ́ rẹ̀ ló fi ṣe é. Ó ní ìmọ̀. Ìyá á wá ti ìka bọ inú aró, á wo àwọ̀ rẹ̀, á gbóòórùn rẹ̀, á fi kan ahọ́n, á ní, "Kò tíì tó. Ìwọ náà tọ́ ọ wò." Ọmọ á tọ́ ọ wò, á fajú ro, kò ní mọ ohun tí ìyá ń wí. Ó di ìgbà ọyẹ́, tí ìwọ̀n tó ti ń lò bọ̀ kò mú aró jáde mọ́, kó tó yé e pé òtútù ló ń fa ẹlú sẹ́yìn, pé ẹlú ò kéré, ọjọ́ ló yẹ kó pọ̀ sí i. Ó yé e. Òye iṣẹ́ náà nìyẹn.

Ká wá sọ pé obìnrin kan gbé aṣọ ìyá rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kú wá nírọ̀lẹ́, ó fẹ́ kó dúdú minimini, ọ̀la sì ni òkú. Aró kì í mú lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Wọ́n á rì í, wọ́n á yọ ọ́ síta kí afẹ́fẹ́ fẹ́ sí i, aṣọ tó jáde ní àwọ̀ ewé á di búlúù lójú ẹni, wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún yọ ọ́, títí yóò fi dúdú. Ọmọ iṣẹ́ á ní, "Kò lè ṣeé ṣe, mà, ẹ máa gbé e lọ." Kò purọ́. Ìyá aláró á pe obìnrin náà jókòó, á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Bí màmá yín ṣe ń ró aṣọ yìí náà ni kí ẹ ró o lọ́la, kí àwọn ará ilé rí i bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, ẹ gbé e padà wá, n ó rẹ ẹ́ fún yín dáadáa." Ohun tí àwọn méjèèjì mọ̀ nípa aró dọ́gba. Ìyá ló fi ọgbọ́n ṣe é.

Ta ló kọ́ ọ? Kò sẹ́ni tó pè é jókòó kọ́ ọ. Ó lè ti lé irú oníbàárà bẹ́ẹ̀ lọ rí, tí ẹni náà ò padà wá mọ́, tó sì fi kọ́gbọ́n. Ọ̀rọ̀ tó gba ọkàn mi jù nìyí, *fi kọ́gbọ́n*, àti àríkọ́gbọ́n tó jẹ́ ẹbí rẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí wa, tàbí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí ẹlòmíì lójú wa, kì í ṣe ọgbọ́n fúnra rẹ̀. Ohun èlò ni, àwa la máa fi kọ́ ọ. Ẹni tí kò bá fi kọ́ ọ, ó kàn rí ìṣòro lásán ni. Ìdí nìyí tí ọjọ́ orí nìkan ò fi tó. Yorùbá ní àgbà, ó ní àgbàlagbà, ó sì tún ní àgbàyà, ọ̀rọ̀ tó le gan-an, fún ẹni tí ọdún gorí ọdún lórí rẹ̀ tí kò fi ọ̀kan kọ́gbọ́n nínú wọn. Níhà kejì, ọmọdé gbọ́n, àgbà gbọ́n, la fi dá Ilé-Ifẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ máa ń mú apá àkọ́kọ́ òwe yìí, wọ́n á fi ìyókù sílẹ̀. Àwọn àgbà náà máa ń ṣe ohun kan náà sí apá kejì. Odidi ni kí ẹ máa pa á.

Òwe mìíràn wà tí kò wọ́pọ̀ lẹ́nu wa mọ́: ọgbọ́n ọdún ni wèrè ẹ̀míì. Ìgbà mìíràn ni ẹ̀míì yìí ń sọ, ẹ má kọ ọ́ bí ẹ̀mí tí à ń mí. Ọgbọ́n tó ṣiṣẹ́ lọ́dún yìí lè di ìwà wèrè nígbà tó bá yá. Ẹni tí wọ́n bá fi òwe yìí kìlọ̀ fún, wọ́n ń sọ fún un pé kó tún lọ kọ́ òmíì ni. Mo rò pé èyí wà lára ìdí tí Ifá fi gba ọ̀pọ̀ ọdún lọ́wọ́ ẹni tó ń kọ́ ọ. Odù 256 ló wà, kò sì sí babaláwo tó máa ń sọ pé òun ti kọ́ ọ tán. Ọ̀rúnmìlà fúnra rẹ̀, Akéréfinúṣọgbọ́n ni wọ́n ń kì í. Inú ló fi ń ṣe é.

Ó wá ku bí a ṣe ń kọ ọgbọ́n sílẹ̀. Ọgbọ̀n tí ohùn ìsàlẹ̀ wà ní ìparí rẹ̀, 30 ni. Ẹni tó kọ "ọgbọ̀n àgbà," àgbà 30 ló kọ. Kó àti kọ́ tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nínú àlọ́, Ìjàpá kó gbogbo ọgbọ́n ayé sínú akèrègbè, ó so ó mọ́ àyà, ó fẹ́ gbé e gun ọ̀pẹ, kò lè gùn ún, títí ẹnì kan tó ń kọjá fi ní kó gbé e sẹ́yìn. Kó ẹrù, kó iṣu: bí Ìjàpá ṣe ṣe é nìyẹn. Bí ẹ bá ń tẹ kọ́ lórí fóònù, tí ẹ ò fi àmì sábẹ́ ọ, ẹ ti sọ akẹ́kọ̀ọ́ di Ìjàpá.

Ibẹ̀ ni mo ti ń kọminú sí "ọgbọ́n àtọwọ́dá" tí àwọn kan ń pe ẹ̀rọ tó ń dáhùn ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ náà ti kó púpọ̀ jọ, ó sì wúlò. Ṣùgbọ́n àgbọ́sọ ni gbogbo ohun tó kó jọ, kò tọ́ aró wò rí. Ìmọ̀ àtọwọ́dá ni èmi máa ń kọ, bí àwọn oníṣègùn Èkìtì kò tilẹ̀ ní gbà fún mi.

Gbólóhùn kan ló kù, tí mo ń rí nínú ọ̀pọ̀ lẹ́tà àti ìwàásù: "Mo gba ọgbọ́n púpọ̀ láti inú ìrírí náà." Gẹ̀ẹ́sì ni onítọ̀hún ń rò. A máa ń gba owó, a máa ń gba ìwé ẹ̀rí. Bó bá jẹ́ nǹkan ló ṣẹlẹ̀ sí yín, ẹ kọ ọ́ pé, "Mo fi kọ́gbọ́n." Bó bá jẹ́ ẹnì kan ló là yín lójú, "Ẹ kọ́ mi lọ́gbọ́n, mo dúpẹ́." Bó sì jẹ́ pé ẹ lọ síbì kan tí ẹ rí bí wọ́n ṣe ń ṣe é, "Mo rí ọgbọ́n kọ́ níbẹ̀" ló tọ́.