Ìwàásù Ẹja Kékeré



Akéwì kan wà ní ilẹ̀ Faransé tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Jean de La Fontaine. Ọdún 1621 ni a bí i. Ó sì ṣe iṣẹ́ ọba ní ìlú rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí alábòójútó omi àti igbó. Ní ọdún 1668 ni ó bẹ̀rẹ̀ sí tẹ àwọn àlọ́ rẹ̀ jáde, tí ó ń fi ẹ̀rín kọ́ni lọ́gbọ́n bí àlọ́ ìjàpá ti ń ṣe fún àwọn ọmọ wa. Ọ̀kan nínú wọn yẹ fún àwa ará Ìlàjẹ tí omi ń bọ́.

Apẹja kan mú ẹja kékeré. Ẹja náà bẹ̀ ẹ́ pé òun kò tó òkèlè kan. Kí ó jẹ́ kí òun padà sómi, kí òun dàgbà, kí ó tó wá mú òun tà fún olówó. Apẹja yìn ín pé ó mọ ìwàásù í ṣe, ó sì gbé e sínú àpò. Ní alẹ́ ọjọ́ náà, inú epo gbígbóná ni ìwàásù parí sí.

Kò sí ìyálọ́jà kan ní Igbókọ̀dá tí kò ní yin apẹja yìí, nítorí kò ta ẹja ọwọ́ rẹ̀ láwìn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á tún ohùn ẹja náà gbọ́. Ó lè jẹ́ ohùn tiwa.

Ọ̀dọ́mọkùnrin a ní, "Ẹ jẹ́ kí n ra ẹ́ńjìnnì sí ọkọ̀ mi ná, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi yóò wá gba Sákrámẹ́ntì Ìgbéyàwó." Àwọn méjì tí ń jà nítorí àwọ̀n a ní, "Bí àsìkò ẹja bá kọjá, a ó parí rẹ̀." Àgbàlagbà a ní, "Ó di Ọdún Àjíǹde tí ń bọ̀ kí n tó jẹ́wọ́." Bẹ́ẹ̀ Ìjọ Mímọ́ pa á láṣẹ pé kí á jẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ ńlá wa lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ó kéré tán.

Olúwa wa sọ àwọn Àpọ́sítélì di apẹja ènìyàn. Àwọ̀n tirẹ̀ kì í pa ẹja. Ìyè ni ó ń fà wá sí. Ṣùgbọ́n ikú pẹ̀lú ní àwọ̀n, ojú àwọ̀n náà kò sì fẹ̀ tó kí ọmọ ẹja yọ. Ẹni tí ó bá fi ìwàásù yọ nínú àwọ̀n Kristi kò ní rí ẹni gbọ́ ọ nínú àwọ̀n kejì. Àwa tí a mọ ibi tí òkun ti gba ilé onílé ní Ayétòrò, a mọ̀ pé bí òní ti rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀.

La Fontaine fúnra rẹ̀ fi òní dọ́la. Ní 1641 ó wọ ilé àwọn àlùfáà láti kọ́ iṣẹ́ Ọlọ́run; kò pẹ́, ó jáde, ó sì kọ àwọn ìtàn kan tí kò yẹ ọmọlúàbí. Ó di 1693, nígbà tí àìsàn líle ti dá a dùbúlẹ̀, kí ó tó sọ ní gbangba pé òun kábàámọ̀ wọn. Ó kú ní 1695. Ọlọ́run fún un ní ọdún tí ó lé ní 50; ẹja inú àlọ́ rẹ̀ kò rí ọjọ́ kan gbà.

Àwọn ìyá wa tí ń yan ẹja mọ̀ pé tútù ni à ń ká ẹja. Bí ó bá gbẹ tán, kíká rẹ̀ di fífọ́. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọkàn ènìyàn. Ẹ jẹ́ kí á tọ àlùfáà lọ fún ìjẹ́wọ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí, nígbà tí ọkàn wa ṣì tutù.

Kí Màríà Mímọ́, Ìràwọ̀ Òkun, máa bẹ̀bẹ̀ fún wa. Àmín.