Ẹ Jẹ́ Kí Ẹlòmíràn Ka Owó

Ẹ̀yin ọmọ mi, ọdún mẹ́tàlélógún ni mo fi ṣe búrẹ́dì ní Ọgbà, nítòsí Wempco Road. Òórùn ọkà tí ilé iṣẹ́ ọtí Guinness ń sè ní ìdájí ni agogo wa. Ẹ ń bi mí léèrè bí mo ṣe ṣe é. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ẹni tó fẹ́ ba iṣẹ́ náà jẹ́ fún yín: èmi ni.

1. Ẹ mọ ohun tí ọwọ́ yín mọ̀. Bí mo bá fìka tẹ fúláwà tí a pò, mo ti mọ̀ bóyá omi rẹ̀ pọ̀, bóyá ó ti wú dé ibi tó yẹ kó wọ ààrò. Ṣùgbọ́n kí wọ́n ṣí ìwé owó síwájú mi, oorun dé nìyẹn. Ara ògiri ni mo máa ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ gbèsè sí: Ìyá Ìbejì, ogójì, àwọn ará Sunday Market, kò lóǹkà. Nígbà tí Iléyá ku ọ̀la, ọmọ iṣẹ́ mi kan fi ọ̀dà funfun kun ògiri náà kó lè múnú mi dùn. Inú mi dùn lóòótọ́, àfi ìgbà tí mo rántí. Ìyá Ìbejì nìkan ló wá san tirẹ̀.

2. Kò sí ìtìjú nínú pé ẹ kò mọ apá kan iṣẹ́ yín. Amos Shackleford, ọmọ Jàmáíkà tí wọ́n ń pè ní ọba búrẹ́dì, akọ̀wé rélùwéè ló bá dé Nàìjíríà ní 1913. Ní 1921 ló bẹ̀rẹ̀ ilé búrẹ́dì tirẹ̀ ní Èkó. Iṣẹ́ ìwé ló mọ̀, iṣẹ́ ààrò kọ́. Òun náà ló sì mú ẹ̀rọ tí ń tẹ fúláwà tí a pò wọlé, èyí tó jẹ́ kí inú búrẹ́dì Agége máa fà títí dòní.

3. Pé ẹ gbéṣẹ́ fúnni kò ní kẹ́ ẹ lọ sùn. Láràárọ̀ ni mo máa ń fa búrẹ́dì kan yọ láàárín, mo á gbé e sórí ìwọ̀n, mo á ya á sí méjì. Ṣùgbọ́n dírẹ́bà tó ń kó o lọ sí Ìjù, ọ̀nà tó bá wù ú ni kó gbà.

4. Ohun tí ẹ bá ti fi fúnni, ẹ má fi ọwọ́ kejì gbà á padà. Lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ògiri yẹn, mo gba arábìnrin kan tó mọ ìṣirò owó ṣe akọ̀wé. Òfin tó kọ́kọ́ ṣe ni pé ẹni tó bá ń jẹ wá lówó kò ní gbé tuntun. Mo ní ó dáa. Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ìyá arúgbó kan bú sẹ́kún níwájú mi, ni mo bá gba ẹ̀yìnkùlé gbé ogún búrẹ́dì fún un. Akọ̀wé mi rí mi, kò wí nǹkan kan. Nígbà tí oṣù parí, ó gbé ìwé wá kí n wá fọwọ́ sí i. Láàárín orúkọ àwọn onígbèsè, mo rí tèmi: Bàbá, ogún búrẹ́dì, a ti yọ ọ́ nínú owó oṣù wọn. Ó na báírò sí mi. Mo fọwọ́ sí i.