Oòrùn Kì Í Yẹ Àdéhùn



Ní ìsinmi Àjíǹde, ọmọ ọmọ mi kan wá kí mi ní Òkè-Bùkún. Agolo óòtì ló kọ́kọ́ yọ jáde nínú báàgì rẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó po tirẹ̀, èmi náà gba ògì bàbà mi, a jọ jókòó. Ó wo abọ́ mi, ó wo tirẹ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé bí ẹ ṣe ń gbin ọkà yín ni àwọn òyìnbó ṣe ń gbin èyí?" Mo ní wọ́n ń gbìn ín, àmọ́ ọkà tiwọn àti ọkà tiwa kì í ka oòrùn bákan náà. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé àlọ́ ni mo ń pa.

Kì í ṣe àlọ́. Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìlú ńlá sílẹ̀, tí ẹ ní ẹ fẹ́ padà wá dáko baba yín, ẹ̀yin ni mo fẹ́ fi ọ̀rọ̀ yìí lé lọ́wọ́.

Ọmọ ilẹ̀ tútù ni óòtì. Ní Skọ́tíláǹdì, níbi tí òtútù àti òjò wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ kì í ti í wọ́n, ara rẹ̀ máa ń yá gágá. Bí ojúmọmọ wọn bá ti ń gùn sí i ló máa ń múra àtiyọ ṣírí. Bí ooru àti ọ̀gbẹlẹ̀ bá ká a mọ́ ibi tó ti ń gbó, hóró rẹ̀ á fúyẹ́. Ọkà bàbà tí àwọn baba wa fi lé wa lọ́wọ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ojúmọmọ bá ń kúrú ni tiwa ń yọ ṣírí. Ojúmọmọ tó gùn jù lọ níhìn-ín, ní Oṣù Kẹfà, nǹkan bíi wákàtí kan péré ló fi gùn ju èyí tó kúrú jù, ní Oṣù Kejìlá. Èèyàn lè má fura sí i rárá, ṣùgbọ́n kò pamọ́ fún ọkà.

Ojú mi ni mo fi rí i. Lọ́dún kan, mo gbin apá kan oko mi ní ìparí Oṣù Karùn-ún. Ibà dá mi dùbúlẹ̀, ìyókù kò sì bọ́ sílẹ̀ títí Oṣù Keje fi ń lọ sópin. Irúgbìn kan náà ni, inú àká kan náà ni mo ti bù ú. Mo ti gbà lọ́kàn mi pé bí èkejì ṣe fi oṣù méjì pẹ́ ní gbíngbìn, bẹ́ẹ̀ ni yóò fi oṣù méjì pẹ́ ní yíyọ. Oṣù Kẹsàn-án kò tíì parí tán tí àwọn méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ṣírí. Ọjọ́ díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Ti Oṣù Karùn-ún ga débi pé mo ní láti tẹ pòròpórò rẹ̀ wálẹ̀ kí ọwọ́ mi tó tó orí rẹ̀. Ti Oṣù Keje kò ju èjìká mi lọ, ṣírí rẹ̀ kò sì ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n jọ pè sójú agbo lọ́jọ́ kan náà ni: ọjọ́ pé fún àwọn méjèèjì, ara wọn ni kò dọ́gba.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún yín pé oòrùn kì í yẹ àdéhùn. Ọjọ́ tí àgbẹ̀ bá fi ṣòfò níbẹ̀rẹ̀, ọkà kò ní bá a fi kún ìparí. Lára ewé àti igi ni yóò ti gé e, ara náà ló sì ń bọ́ ṣírí.

Òjò ni kò ní àdéhùn kankan pẹ̀lú wa. Láti ìgbà tí ọkà bá ti tanná títí di ìgbà tí yóò gbó, oṣù kan sí oṣù kan ààbọ̀ ni. Omi tí àrọ̀kúrò òjò bá fi sílẹ̀ nínú ilẹ̀ ló máa fi ń parí iṣẹ́. Ẹ já hóró kan, kí ẹ fi èékánná tẹ̀ ẹ́. Bí omi funfun bíi wàrà bá tú jáde, ọkà ṣì ń mu. Bí ó bá rọ̀ bí ìyẹ̀fun tí a pò, ó ti ń sún mọ́lé. Bí èékánná kò bá wọ̀ ọ́ mọ́, tí ẹ sì rí àmì dúdú kékeré nídìí hóró níbi tó ti so mọ́ ṣírí, ó ti gbó nìyẹn. Òjò kò lè fi nǹkan kan kún un mọ́. Bí òjò bá dá nígbà tí wàrà ṣì wà nínú rẹ̀, ìyàngbò lẹ máa pa wálé.

Bí òjò bá sì kọ̀ tí kò lọ, ìyọnu mìíràn dé. Ọkà tó gbó sínú òjò máa ń bu, hóró rẹ̀ á dúdú. Ẹ wo ọgbọ́n àwọn baba wa: ọkà tí ṣírí rẹ̀ tú yẹ́ẹ́, tó tẹ̀ba, ni wọ́n ń tọ́jú irúgbìn rẹ̀ nílẹ̀ olójò. Afẹ́fẹ́ ń gba àárín rẹ̀ kọjá, omi kì í dúró níbẹ̀. Ọkà olórí kíki dára lójú, àmọ́ bí kànrìnkàn ló ṣe ń mu omi sára.

Ẹ̀yin ọmọ máa ń sọ pé ayé àtijọ́ ló dára, pé òjò ìgbà náà kì í ṣìnà. Ẹni tó bá sọ bẹ́ẹ̀ kò bá wa la ọdún 1983 kọjá, nígbà tí ọ̀dá àti iná ìgbẹ́ jẹ oko run káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, pàápàá ní Gánà. Ní Oṣù Kẹwàá 2022 ẹ̀wẹ̀, Odò Ọya àti Benue kún ní Lọ́kọ́ja títí omi fi dí ọ̀nà Àbújá. Òjò kò fìgbà kan jẹ́ ọmọ-ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Bí òní ṣe rí, ọ̀la kì í rí bẹ́ẹ̀, ló mú kí babaláwo máa dÍfá ọrọọrún.

Kí ni kí ẹ wá ṣe? Ẹ má jẹ́ kí àkọ́rọ̀ Oṣù Kẹrin tàn yín. Òjò kan ṣoṣo lórí ilẹ̀ gbígbóná á jí irúgbìn, á sì tún fi í sílẹ̀ fún ikú. Àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ ní apá ibí yìí sábà máa ń wá òjò tó tó mìlímítà 20 láàárín ọjọ́ mẹ́ta, tí ọ̀gbẹlẹ̀ gígùn kò sì tẹ̀ lé e, kí wọ́n tó ní òjò ti bẹ̀rẹ̀. Agolo tí ara rẹ̀ gún régé ti tó láti wọ̀n ọ́n. Ẹ gbé e sórí òpó níbi tí igi kankan kò ti ṣíji bò ó, kí ẹ fi rúlà ọmọ iléèwé wọn omi inú rẹ̀ láàárọ̀, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ sì dà á nù. Sẹ̀ǹtímítà méjì lápapọ̀ láàárín ọjọ́ mẹ́ta ni ẹ ń wá.

Ẹ máa gbọ́ àsọtẹ́lẹ̀ tí NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, ń gbé jáde lọ́dọọdún nípa ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí yóò dá. Àsọtẹ́lẹ̀ lè ṣì í, ṣùgbọ́n ẹ fi wé ohun tí agolo yín ń sọ. Bí òjò bá ti jókòó, ẹ má dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹ má sì gbé gbogbo ilẹ̀ fún irúgbìn kan. Irúgbìn tuntun ọlọ́jọ́ kúkúrú tí kò ka oòrùn wà. Ó lè gba ẹni tó pẹ́ là. Àmọ́ bí ẹ bá tètè gbìn ín, inú òjò ni yóò gbó sí, gbogbo ẹyẹ ẹ̀ga àdúgbò yóò sì pé jọ sórí rẹ̀ nítorí òun nìkan ló gbó. Ẹ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀. Ẹ gba tuntun, kí ẹ má sì jẹ irúgbìn baba yín tán.

Ọmọ ọmọ mi ti padà sílé ìwé. Ó jẹ óòtì rẹ̀ tán kó tó lọ, ó ṣan agolo náà, ó sì fi okùn dè é mọ́ òpó lẹ́yìn ilé. Lójoojúmọ́ ló ń pè mí lórí fóònù, kì í sì í kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà mi mọ́. "Bàbá, mélòó ló wà nínú rẹ̀?" Láàárọ̀ yìí, mo fi rúlà wọ̀n ọ́n. Ó ku díẹ̀ kó pé.