Láti Èkó dé Òṣogbo

Ìbéèrè: Olùkàwé kan ní Yábàá fẹ́ lọ síbi ọdún Ọ̀ṣun ní oṣù kẹjọ. Ṣé ọkọ̀ ojú irin lè gbé e dé Òṣogbo, àbí kó wọ mọ́tò?

Ìdáhùn: Ọkọ̀ ojú irin tuntun tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2021 kò dé Òṣogbo. Mọ́níyà ní Ìbàdàn ló ń parí sí. Síbẹ̀, ó tọ́ sí ará Yábàá, nítorí ibùdókọ̀ Alágoméjì wà nítòsí rẹ̀, kò sì ní bá súnkẹrẹ-fàkẹrẹ òpópónà Èkó sí Ìbàdàn pàdé. Mọ́níyà gan-an ni wàhálà wà. Ó jìnnà sí ìgboro, èrò á sì tún wọ takisí lọ sí Ìwó Road kó tó rí mọ́tò Òṣogbo. Ẹni tó mú àwọn ọmọ kéékèèké dání yóò mọ̀ ọ́n lára.



Mọ́tò tó lọ tààrà ló rọrùn jù fún ẹni tó bá ní ẹrù. Ó sábà máa ń gba Ìbàdàn kọjá, á yà ní Gbọ̀ngán, á sì gba Àkódá àti Ẹdẹ wọ Òṣogbo. Kí èrò tètè jí lọ sí gáréèjì, kó má sì dúró di ọjọ́ tí Arugbá, ọmọbìnrin tó ń ru igbá ọdún Ọ̀ṣun, ń jáde kó tó gbéra: èrò máa ń pọ̀ gan-an lọ́jọ́ náà lójú ọ̀nà Igbó Ọ̀ṣun, tí UNESCO ti kà mọ́ ogún àgbáyé láti 2005. Kó dé ní ọjọ́ kan ṣáájú, kó sì ti gba yàrá sílẹ̀.