Ohun Tí Ọ̀tapiapia Ń Ṣe Nínú Ara

Láti Òmù-Àrán títí dé Èsìẹ́ ní ìpínlẹ̀ Kwara, gbogbo ẹni tó bá ti kó ẹ̀wà pamọ́ rí ló mọ kòkòrò kékeré tó máa ń dá ihò sí i lára. Kí òjò ọdún kejì tó bẹ̀rẹ̀, ó lè sọ odindi àpò di ìyẹ̀fun. Òun ló ń mú kí ọ̀pọ̀ èèyàn na ọwọ́ sí ìgò ọ̀tapiapia. Dichlorvos ni orúkọ tí àwọn onímọ̀ ń pe oògùn tó wà nínú ìgò náà. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ kọ́ bó ṣe ń ṣiṣẹ́.

Bí ọpọlọ bá fẹ́ kí iṣan apá gbéra, ìkángun fọ́nrán tó so ọpọlọ mọ́ iṣan yóò tú èròjà kan jáde. Acetylcholine ni wọ́n ń pè é. Ońṣẹ́ ni: ó jíṣẹ́, iṣan sì gbéra. Lójú ẹsẹ̀, èròjà mìíràn, tí èmi yóò pè ní apalẹ̀mọ́, á kó ońṣẹ́ náà kúrò nílẹ̀ kí iṣan lè sinmi. Apalẹ̀mọ́ yìí ni dichlorvos máa ń dè lọ́wọ́. Ońṣẹ́ á wá pọ̀ jọ, iṣan kò sì ní rójú sinmi mọ́. Itọ́ á máa dà, òógùn á bo ara, ọmọlójú á sún kì, ìgbẹ́ gbuuru á máa ya, ẹran ara á máa gbọ̀n. Bó bá le jù bẹ́ẹ̀ lọ, iṣan tí a fi ń mí á dáṣẹ́ sílẹ̀. Kòkòrò inú ẹ̀wà ní apalẹ̀mọ́ bíi tiwa. Bí oògùn náà ṣe ń pa á ló ṣe lè pa èèyàn. Ìwọ̀n ló yàtọ̀.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká sọ ti ìwọ̀n. Ní oṣù Òkúdù ọdún 2015, Àjọ Ìṣọ̀kan Ilẹ̀ Yúróòpù fòfin de ẹ̀wà gbígbẹ tó ń ti Nàìjíríà wá. Dichlorvos tí wọ́n bá nínú kílò ẹ̀wà kan bẹ̀rẹ̀ láti mílígíráàmù 0.03 títí dé 4.6. Mílígíráàmù 0.01 péré ni òfin wọn gbà láyè. Ẹ fi 0.01 pín 4.6, ẹ ó rí i pé ó jẹ́ ìlọ́po 460 ìwọ̀n tí òfin gbà. Ó dùn mí pé owó ọjà tó bọ́ lọ́wọ́ wa ni a sọ̀rọ̀ lé jù nígbà náà, tí a kò sọ púpọ̀ nípa àwọn ọmọ tí ń jẹ irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ nílé. Bí bàbá tó wọn kílò 70 àti ọmọ tó wọn kílò 12 bá jẹ iye ẹ̀wà kan náà, oògùn tó kan kílò kọ̀ọ̀kan lára ọmọ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti bàbá. Fífọ̀ àti sísè máa ń dín in kù, ṣùgbọ́n a kò lè fọkàn tẹ̀ wọ́n pé wọn yóò mú un tán.

Ẹnu nìkan kọ́ ló ń gbà wọlé. Dichlorvos máa ń fẹ́ lọ sínú afẹ́fẹ́, ẹni tó bá sì sùn ní yàrá tí àpò ẹ̀wà tí wọ́n fi oògùn náà sí wà á máa fà á símú mọ́jú. Ó tún ń gba awọ ara wọlé: bí táńkì oògùn tí àgbẹ̀ gbé kọ́ ẹ̀yìn bá ń jò, aṣọ tó rin á lẹ̀ mọ́ ọn lára títí yóò fi délé.

Ìwọ̀n kékeré tí kì í pani lójú ẹsẹ̀ ńkọ́? Láti ọdún 1999 ni àwọn olùwádìí Yunifásítì California ní Berkeley ti ń tẹ̀ lé àwọn ìyá àtàwọn ọmọ wọn ní àfonífojì Salinas, níbi tí iṣẹ́ oko pọ̀ sí. Wọ́n yẹ ìtọ̀ àwọn aláboyún wò fún àmì àwọn oògùn tó jẹ́ ẹbí dichlorvos. Nígbà tí àwọn ọmọ pé ọdún méje, wọ́n dán làákàyè wọn wò. Àwọn ọmọ tí àmì oògùn pọ̀ jù nínú ìtọ̀ ìyá wọn fi nǹkan bíi máàkì 7 rẹ̀yìn sí àwọn tí tiwọn kéré jù. Àwọn olùwádìí ti yọ ipa òṣì àti ipa ìwé tí ìyá kà kúrò nínú ìṣirò náà. Kò fi hàn pé ọmọ kan pàtó ni oògùn bà jẹ́, ṣùgbọ́n ó tó ohun tí aláboyún yóò torí rẹ̀ jìnnà sí oko tí wọ́n ń fọ́n oògùn sí.

Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, fòfin de títa ìgò kéékèèké dichlorvos, èyí tí kò ju mílílítà 100 lọ, ní ọjà gbangba. Òfin nìkan kò lè gba ẹ̀wà lọ́wọ́ kòkòrò. Àpò onípele mẹ́ta lè gbà á. Larry Murdock ti Yunifásítì Purdue àtàwọn onímọ̀ ilẹ̀ Kamẹrúùnù ló ṣe é ní àwọn ọdún 1980. Kòkòrò náà ń mí. Bí a bá dì í pa, yóò lo afẹ́fẹ́ inú àpò tán, yóò sì kú láìsí oògùn kankan. Kí ẹ̀wà ti gbẹ dáadáa, kí ẹ so ìpele kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí ẹ má sì máa tú u wò lójoojúmọ́. Iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí nípa ìtọ́jú irè oko wà ní Ìlọrin. Ẹ lọ béèrè lọ́wọ́ wọn.

Bí ẹnìkan bá sì ti gbé oògùn yìí mì, tàbí tó dà sí i lára, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má sì fi ipá mú un bì, nítorí ó lè gba ibẹ̀ wọ inú ẹ̀dọ̀fóró. Ẹ bọ́ aṣọ rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi púpọ̀ wẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì sáré gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà lọ́wọ́, kí dókítà lè mọ̀ pé oògùn tí wọ́n ń pè ní atropine ló yẹ kó kọ́kọ́ fún un.