Ẹ̀KỌ́ FÚN ÌPÀDÉ ẸGBẸ́: BÍ EEGUN BÁ DÁ, IṢẸ́ KÒ TÍÌ PARÍ

Ẹ̀kọ́ ti oṣù mẹ́ta yìí dá lórí eegun tí ó dá, àti bí ẹni tí ó ṣẹlẹ̀ sí yóò ṣe padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù nínú ọ̀rọ̀ eegun. Ìdáhùn rẹ̀ kò le. Kí onídùúró tó tọwọ́ bọ̀wé, ọwọ́ àti ẹsẹ̀ ọmọ ẹgbẹ́ ni onídùúró àkọ́kọ́ fún owó tí ó yá.

Ẹ jẹ́ kí á fi àgbẹ̀ kan ṣe àpẹẹrẹ. Ó yá owó ní oṣù kẹta, ó fi ra oògùn kòkó. Ní oṣù keje, ó jábọ́ lórí igi obì, eegun apá rẹ̀ sì dá nítòsí ọrùn ọwọ́. Bí a bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ó tún di àdá mú kí ìkórè kòkó tó parí. Bí a kò bá tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ìka rẹ̀ lè gan títí ayé.

1. Ọjọ́ tí ó ṣẹlẹ̀

Ẹ má ṣe fa apá náà, ẹ má ṣe fi òrí ra á. Ẹ yọ òrùka kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ kí ó tó wú. Ẹ fi pákó fẹ́ẹ́rẹ́ tàbí páálí líle tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́, kí ó kọjá oríkèé tí ó wà lókè ibi tí ó dá àti èyí tí ó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ sì fi aṣọ dè é. Bí eegun bá yọ síta, aṣọ mímọ́ ni kí ẹ fi bò ó, kì í ṣe ewé tàbí àgbo. Lẹ́yìn èyí, ilé ìwòsàn tí wọ́n ti lè ya fọ́tò eegun ló kàn.

A mọ̀ pé ọ̀dọ̀ àwọn tí ń to eegun ni ọ̀pọ̀ wa ń lọ. A kò bú wọn. Iṣẹ́ ìdílé ni. Ṣùgbọ́n ewu méjì wà níbẹ̀ tí ó yẹ kí gbogbo wa mọ̀.

Èkíní ni ìdè tí ó le jù. Ẹran ara máa ń wú bí eegun bá dá. Bí ìdè kò bá fún un láyè, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè kọjá, ẹran tí kò bá sì rí ẹ̀jẹ̀ fún nǹkan bíi wákàtí 6 yóò bẹ̀rẹ̀ sí kú. Apá tí ìbá jinná lè di èyí tí a ó gé. Àwọn àmì rẹ̀ nìyí: ìrora tí ń pọ̀ sí i dípò kí ó rọlẹ̀; ìka tí ó tutù, tí ó ṣì kú, tí kò mọ ohun tí ó kàn án; ìrora ńlá nígbà tí ẹlòmíràn bá na ìka náà. Bí ó bá jẹ́ ọparun ni wọ́n fi dè é, ẹ dẹ ìdè náà lójú ẹsẹ̀. Bí ó bá jẹ́ sìmẹ́ǹtì funfun tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní P.O.P., ilé ìwòsàn ni yóò là á. Ìbáà ṣe òru, ẹ má dúró di àárọ̀.

Èkejì ni títẹ̀ àti rírà. Bí a bá ń tẹ ìgbọ̀nwọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ farapa, eegun tuntun lè hù sínú ẹran tí ó yí i ká, kí ìgbọ̀nwọ́ náà má lè ká mọ́.

2. Nígbà tí ó wà nínú ìdè

Apá àgbàlagbà máa ń gbà tó ọ̀sẹ̀ 6 kí ó tó so pọ̀; ojúgun lè gbà tó oṣù 3 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ti ọmọdé máa ń yá jù bẹ́ẹ̀. Sìgá mímu a máa fa ìjinná sẹ́yìn. Ní gbogbo àkókò yìí, ibi tí a dè nìkan ni kí ó sinmi. Kí aláìsàn máa ká ìka, kí ó máa nà án, kí ó máa gbé èjìká sókè. Bí ó bá jókòó, kí ó fi ìrọ̀rí gbé apá náà ga ju àyà lọ kí ó má baà wú.

3. Lẹ́yìn tí a bá tú ìdè

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣe àṣìṣe. Wọ́n rò pé ìtọ́jú ti parí, bẹ́ẹ̀ ni ẹran ti joro, oríkèé sì ti gan. Iṣẹ́ físíótẹ́rápì ló kù, ìyẹn fífi ìdárayá dá agbára padà sí ara. Kì í ṣe ohun tuntun láàárín wa. Ní 1945 ni ilé ìwòsàn eegun ti Ìgbóbì l'Ékòó bẹ̀rẹ̀, fún àwọn ọmọ ogun tí ó farapa nínú Ogun Àgbáyé Kejì. Yunifásítì Ìbàdàn sì bẹ̀rẹ̀ sí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní iṣẹ́ náà ní 1966.

Fún ọwọ́: ẹ ki ọwọ́ bọ omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, kí ẹ máa fún àkísà nínú rẹ̀ ní ìgbà 10. Ẹ yí àtẹ́lẹwọ́ sókè, ẹ yí i sísàlẹ̀, bí ẹni tí ń fi kọ́kọ́rọ́ ṣí ilẹ̀kùn. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́ ni kí ẹ ṣe é.

Fún ẹsẹ̀: ẹ jókòó sórí àga, ẹ na orúnkún gbọọrọ, ẹ ka 1 dé 5, kí ẹ tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ẹ má ṣe tẹ ẹsẹ̀ náà mọ́lẹ̀ títí dókítà yóò fi gbà yín láyè. Bí ẹ bá ń lo ọ̀pá kan ṣoṣo, ọwọ́ tí ó wà ní òdìkejì ẹsẹ̀ tí ń dùn yín ni kí ẹ fi mú un. Bí ẹ bá ń gun àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ tí ó le ni kí ó ṣáájú. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, èyí tí ń dùn yín ni kí ó ṣáájú.

Ìrora díẹ̀ kì í ṣe ewu. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dùn títí di ọjọ́ kejì, tàbí tí ó tún wú, ẹ dín in kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

4. Ipa tí ẹgbẹ́ lè kó

Gbèsè a máa lé ènìyàn padà sóko kí eegun tó jinná. Ẹni tí ó bá farapa, kí ó tètè sọ fún akọ̀wé kí ọjọ́ sísan tó kọjá, kí ìgbìmọ̀ lè wo bí a ó ti tún ètò rẹ̀ tò. Kí a fún un ní iṣẹ́ ìjókòó, bíi ṣíṣa kòkó tàbí kíkọ ìwé ìwọ̀n. Àwọn baba wa ní àáró àti ọ̀wẹ̀ kí a tó dá ẹgbẹ́ sílẹ̀: ọjọ́ kan tí ogún ènìyàn bá fi ro oko ẹnì kan lè gba ìkórè ọdún kan là. Ìlera loògùn ọrọ̀.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Kí ni àwọn àmì tí ó fi hàn pé ìdè ti le jù?
2. Èéṣe tí ìtọ́jú kò fi parí ní ọjọ́ tí a tú ìdè?
3. Ta ni ó farapa nínú ẹgbẹ́ yín báyìí, ta ni yóò sì lọ wò ó kí ìpàdé tí ń bọ̀ tó dé?