Ìdí Tí Ọṣẹ Fi Ń Jóni Lọ́wọ́: Ẹ̀kọ́ Fún Àwọn Ọlọ́ṣẹ

Ẹjọ́ ọṣẹ tí oníbàárà dá padà ti ń pọ̀ jù nínú ìpàdé wa. Ẹni tó rà á á ní ó ń jó òun lọ́wọ́. Ẹni tó tà á á ní òun kò mọ ìdí rẹ̀. Gbèsè owó tó yá lọ́wọ́ ẹgbẹ́ á sì wà lọ́rùn rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi mú ẹ̀kọ́ yìí wá.

Kí ni ọṣẹ? Òróró àti omi eérú ló pàdé di ọṣẹ. Àwọn ìyá wa a máa sun èèpo kòkó tàbí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ, wọn a kó eérú rẹ̀ sínú ajere, wọn a da omi lé e. Omi tó bá kán sísàlẹ̀ ni wọ́n ń sè pọ̀ mọ́ àdín títí yóò fi di ọṣẹ dúdú. Ọṣẹ eérú a máa rọ̀. Sódà ló ń mú ọṣẹ le tó bẹ́ẹ̀ tí a fi lè gé e.

Bí òróró àti sódà bá ṣe déédéé, wọn á jẹ ara wọn tán, ọṣẹ ni yóò kù. Bí sódà bá pọ̀ jù, èyí tí kò rí òróró jẹ ni yóò jẹ awọ oníbàárà.

Nítorí náà:

1. Ẹ fi òṣùwọ̀n wọn sódà, ẹ má fi agolo bù ú. Fún kìlógíráàmù 1 àdín, kí sódà má ju gíráàmù 165 lọ. Fún ti epo pupa, kí ó má ju 133. Omi rẹ̀ jẹ́ ìlọ́po méjì ìwọ̀n sódà.

2. Sódà ni kí ẹ dà sínú omi, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má da omi lé sódà, torí ó lè ta síni lójú. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, kí ọmọdé má sì sún mọ́ ibẹ̀.

3. Ẹ má lo ìkòkò alumíníọ́mù, sódà á jẹ ẹ́. Ìkòkò irin ló dára.

4. Bí ẹ bá gé ọṣẹ tán, ẹ sá a síbi tí afẹ́fẹ́ wà fún ọ̀sẹ̀ 4 sí 6.

Ẹ̀yin tí ẹ ń rà á tà, ẹ gbọ́ o: bí ọṣẹ ṣe ń gbẹ ni ìwọ̀n rẹ̀ ń dín. Ẹni tó fi ìwọ̀n ra ọṣẹ tútù, omi ló fowó rà.

Òṣùwọ̀n ẹgbẹ́ wà ní ọ́fíìsì wa. Ẹ wá lò ó, a kò gba kọ́bọ̀. Orúkọ rere lọ́jà, tiwa ni gbogbo wa. Ẹ má jẹ́ kí sódà bà á jẹ́.